Òkúta Abẹ̀mí Nísàlẹ̀ Òkun: Ilé Ọmọ Ẹja Ni, Àwọn Kan Sì Ń Wà Á Bí Yanrìn

Bíríkìlà tó bá ń po sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ọjà Ìkòtún lónìí, ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló ń pò mọ́ yanrìn, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ o. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń lọ̀ láti ọdún 1960, abẹ́ òkun ló wà ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ òkúta ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1977. Ìkarahun ìgbín òkun pọ̀ nínú òkúta náà jọjọ. Ṣùgbọ́n ìpele kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé egungun irúgbìn òkun ló kún inú rẹ̀.

Egungun irúgbìn kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìran koríko òkun kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ pupa bí osùn. Kò rọ̀ bí ewé tẹ̀tẹ̀, kì í sì í fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi. Ẹfun tó wà nínú omi òkun ló ń fà mọ́ra, òun ló fi ń mọ ara rẹ̀ bí ìgbà tí bíríkìlà ń mọ ògiri, títí gbogbo ara á fi le gbagidi. Ẹni tó bá rí i létí òkun á sọ pé òkúta lásán ni. Òmíràn yọ kókó bí atalẹ̀, òmíràn rí róbótó bí ọsàn. Kò ní gbòǹgbò. Ìgbì òkun ló ń yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, yíyí tó ń yí yìí ló sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kàn án yíká, nítorí oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ bíi ti àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Rhodolith ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Maerl ni àwọn ará Brittany nílẹ̀ Faransé ń pè é. Òkúta abẹ̀mí ló yẹ é jù lédè Yorùbá.

Ibi tó ti di kàyéfì ni bó ṣe ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi ju mílímítà kan kún ara lọ́dún. Ìdajì mílímítà làwọn mìíràn ń rí fi kún un, ìyẹn kò ju nínípọn èékánná ọwọ́ lọ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Òkúta abẹ̀mí tó tó ọsàn kan, tó jẹ́ mílímítà 35 láti àárín rẹ̀ dé èèpo, bó bá ń fi ìdajì mílímítà kún ara lọ́dún, 70 ọdún ló gbà á. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti ń fọ̀pá rìn. Bí àwọn tó wà lókè ṣe ń dàgbà, àwọn tó ti kú ń kóra jọ sábẹ́ wọn, ibòmíràn sì wà ní Yúróòpù tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi kóra jọ.

ẸYIN ÌYÁ ẸLẸ́JA, Ẹ GBỌ́

Òkúta wọ̀nyí kì í lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Àlàfo wà láàárín wọn bí ó ṣe wà láàárín ọsàn inú apẹ̀rẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni akàn kéékèèké, edé, ìgbín òkun àti ọmọ ẹja ń sá sí kí ẹja ńlá má baà gbé wọn mì. Ibi tó bá jẹ́ yanrìn lásán, kò síbi ìsápamọ́. Ní òkun Scotland, àwọn olùwádìí rí i pé ọmọ ẹja kọ́ọ̀dù máa ń fi ibùsùn òkúta abẹ̀mí ṣe ilé. Ta ni kò mọ kọ́ọ̀dù? Òun ni wọ́n ń sá gbẹ ní Norway títí á fi le bí igi, tó ń wọ ọjà wa ní pánla gbígbẹ, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Kì í ṣe pé gbogbo pánla tó wà nísọ̀ Ìkòtún ló ti inú òkúta abẹ̀mí jáde o. Ṣùgbọ́n ẹja tí kò ríbi sá sí nígbà tí kò ju ọmọ ìka lọ, kò ní dàgbà débi tí ẹnikẹ́ni á fi ná an lọ́jà.

Ṣé ó wà lókun Èkó? Etí òkun wa láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kí, yanrìn ni, àti ẹrẹ̀ tí àwọn odò ń gbé bọ̀ láti òkè. Omi tó bá ti dú fún ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn dé ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ náà á sì bo òkúta abẹ̀mí mọ́lẹ̀ bí ẹni sin òkú. Ibi tó mọ́ ló ń wù ú. Níwájú ẹnu odò Ọya, J. R. L. Allen àti J. W. Wells kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1962 pé òkìtì òkúta iyùn wà nísàlẹ̀ òkun tó jìn sétí ilẹ̀, òkú ni gbogbo wọn. Wọ́n hù nígbà tí òkun ṣì fà sẹ́yìn, òkun wá kún, ilẹ̀ sì rì. Ẹranko ni iyùn, kì í ṣe irúgbìn, ṣùgbọ́n bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni òun àti òkúta abẹ̀mí lórí ọ̀rọ̀ omi tó mọ́.

Èyí tó wà láàyè nítòsí wa wà ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun kan náà tó ń gbá etí ilẹ̀ wa. Omi ibẹ̀ mọ́, kò sí odò ńlá bí Ọya tó ń da ẹrẹ̀ lé e lórí. Àjọ UNESCO ti ka erékùṣù náà mọ́ àwọn ibi tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú láti ọdún 2012, àwọn tó sì ya àwòrán ìsàlẹ̀ òkun rẹ̀ rí ibùsùn òkúta abẹ̀mí níbẹ̀. Ó wà ní Cape Verde náà.

Èyí tó tóbi jù ń kọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló wà, ní Bahia nílẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja létí òkun ní ọjọ́ kejì oṣù Fébúárì lọ́dọọdún. Níwájú gúúsù Bahia, ní òkun Abrolhos, Gilberto Amado-Filho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2012 pé ibùsùn òkúta abẹ̀mí kan ṣoṣo fẹ̀ tó 20,900 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, t'ilẹ̀ t'ọ̀sà, 3,577 ni. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó mẹ́fà! Ìjọba Brazil ti sọ apá kan Abrolhos di ibi ìtọ́jú láti 1983, ṣùgbọ́n apá kékeré ni, èyí tó pọ̀ jù wà níta odi.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Nòfẹ́ńbà 2015 ni jìnnìjìnnì bá wọn. Ìsédò tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ ìdọ̀tí kùsà irin sí nítòsí ìlú Mariana ya, ó pa èèyàn 19. Ẹrẹ̀ pupa náà tọ odò Doce, ó rin ohun tó lé ní 600 kìlómítà, oṣù náà kò sì parí tó fi bọ́ sínú òkun ní gúúsù Abrolhos. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n má pẹja lẹ́nu odò náà mọ́. Ẹ fojú inú wo ìyàwó apẹja tó gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ń bèèrè owó ilé ìwé.

WỌ́N SỌ Ọ́ DI ẸFUN OKO

Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ lọ̀tá. Èèyàn burú jù ú lọ. Ní Brittany, ilẹ̀ oko máa ń kan, ẹfun ni àgbẹ̀ fi ń pa kíkan rẹ̀. Dípò kí wọ́n wa òkúta inú ilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n rán lọ fa òkúta abẹ̀mí jáde. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ohun tí wọ́n ń kó lọ́dún kan tó nǹkan bí 600,000 tọ́ọ̀nù. Bí típà kan bá ru 20 tọ́ọ̀nù, típà 30,000 nìyẹn lọ́dún kan ṣoṣo. Nǹkan tó ń fi nínípọn èékánná dàgbà lọ́dún, ìgbà wo ló fẹ́ padà bọ̀ sípò? Kò sẹ́ni tó lè bá àwọn àgbẹ̀ yẹn wíjọ́ pé ìkà ni wọ́n, yanrìn òkun ni wọ́n kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹja wọn dínkù nílé ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wú ilé náà.

Àwọn tó ń wọ́ irin nílẹ̀ òkun náà kò gbẹ́yìn. Ní 2000, J. M. Hall-Spencer àti P. G. Moore ròyìn ohun tí wọ́n rí ní Scotland: irin tí wọ́n fi ń kó ìkarahun kọjá lẹ́ẹ̀kan péré lórí ibùsùn òkúta abẹ̀mí, ohun tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Wọ́n padà lọ wò ó fún ọdún mẹ́rin gbáko. Kò sí èyí tó jí.

Òfin Yúróòpù ti dá orúkọ irú méjì nínú wọn láti 1992 pé kí wọ́n fojú tó o. Ní 2006 wọ́n tún fòfin de wíwọ́ àwọ̀n lórí wọn ní òkun Mediterranean. Ní odò Fal, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wíwà rẹ̀ dópin ní 2005, àwọn ará Brittany pẹ̀lú dín in kù títí wọ́n fi dá a dúró. Brazil ṣì ń wà á fún ajílẹ̀.

Èéfín tún ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú èéfín burúkú tí mọ́tò, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ gbogbo ayé ń tú sókè, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni òkun ń gbé mì, ó sì ń mú kí omi rẹ̀ máa kan. Ẹni tó bá rẹ ẹyin sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ á rí i bí èèpo ẹyin ṣe ń hó tó ń yọ́. Ẹfun kan náà ló wà lára òkúta abẹ̀mí.

Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ní Ìkòtún àti Ìgàndò, ẹ mọ̀ pé adìyẹ tí kò bá rí ẹfun jẹ, ẹyin rẹ̀ á rọ̀. Ìkarahun lílọ̀ tàbí òkúta ẹfun lílọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lókè òkun, òkúta abẹ̀mí wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ sínú oògùn egungun fún àgbàlagbà. Wọ́n ń wà á nísinsìnyí ní Arnarfjörður nílẹ̀ Iceland fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fi oògùn egungun ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, kó ní kí ọmọ ilé ìwé ka ara ike rẹ̀ fún òun. Bó bá rí Lithothamnion níbẹ̀, òun náà nìyẹn. Kálíṣíọ̀mù inú rẹ̀ àti ti òkúta Ewékorò, ìkan náà ni; adìyẹ tó bá ń ṣa á jẹ kò lè mọ ìyàtọ̀.