Wọ́n ń ka nọ́ọ̀sì nílùú ọba, ta ló ń kà wọ́n nílé?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín tó ń ka ojúewé yìí, ẹnu iṣẹ́ alẹ́ lẹ ti ń bọ̀. Ó ṣòro kéèyàn rí ìdílé Yorùbá kan nílùú ọba tí kò ní nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí olùtọ́jú arúgbó nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń tọ́jú ìyá oníyàá níbí, ìyá tirẹ̀ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, kó máa retí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń sáré káàkiri wọ́ọ̀dù. Okùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ìrìnàjò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Nígbà tó padà sílé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ métírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Ẹni tó lọ ń padà nígbà náà. Ní 2025, Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà nígbà yẹn, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ó ní owó tí wọ́n ń ná láti kọ́ dókítà kan lé ní 21,000 dọ́là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti àkókò. Ọdún márùn-ún lẹni tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì nílé máa lò. Dókítà á lo mẹ́fà, á tún fi ọdún kan ṣe housejob. Ṣùgbọ́n òfin físà lè yí padà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba ìlú ọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùtọ́jú arúgbó láti òkèèrè. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Oṣù kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ètò ìlera ọlọ́dún mẹ́wàá ti England pé àwọn fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń gbà láti òkèèrè má tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ kó tó di 2035.

Nílé ńkọ́? Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ń fẹ àyè ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìlera yòókù láti 28,000 lọ sí 64,000 lọ́dún. Ẹnì kan ń fẹ ọ̀nà, ẹnì kejì ń dín in kù. Bàbá tó ta ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ nọ́ọ̀sì ní 2021, torí kó lè dé Lọ́ńdọ̀nù, ta ló sọ fún un?

Àwọn kan á ní ṣebí ìlànà wà. Ó wà lóòótọ́. Ní 2010, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa gba òṣìṣẹ́ ìlera láti ìlú ara wọn. Nínú orílẹ̀-èdè 55 tí WHO kọ sílẹ̀ ní 2023 pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà níbẹ̀. Ìlú ọba gbà pé ẹ̀jẹ́ńtì àti ọsibítù kò gbọ́dọ̀ lọ ṣa òṣìṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé wáṣẹ́ lè wá. Ìyẹn dáa, torí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò kọ́ nọ́ọ̀sì kankan dípò ẹni tó lọ.

Ká so èèyàn mọ́lẹ̀ náà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń mójútó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí àwọn tó fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta, wọ́n ṣèwọ́de l'Ábújá àti l'Ékòó.

Kí ló kù? Kí onílé àti àlejò jọ jókòó, kí wọ́n jọ kà á: mélòó ló wà nílé ẹ̀kọ́, mélòó ló fẹ́ fẹ̀yìn tì, mélòó ló ń lọ? Láàárín 2013 sí 2016, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀. Ọ̀rọ̀ kíkà yìí kò rọrùn, torí orúkọ tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ nọ́ọ̀sì lè wà nínú ìwé l'Ábújá, kí òun alára wà ní Manchester.

Lẹ́yìn kíkà, ó ku sísan. Ètò tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ní kí orílẹ̀-èdè tó bá gba òṣìṣẹ́ ìlera kan lọ́wọ́ wa bá wa kọ́ ẹlòmíì dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Àgbẹ̀ tó bá ta iṣu tán, tó tún ta ebu mọ́ ọn, kí ló fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Kenya ti bá ìlú ọba tọwọ́ bọ̀wé ní 2021 lórí àwọn nọ́ọ̀sì wọn tí kò ríṣẹ́ nílé. Jámánì àti Philippines ti wà lẹ́nu irú rẹ̀ láti 2013. Àdéhùn wọn lè má pé, àmọ́ ó sàn ju kí kálukú máa dá ṣe tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ohùn yín wúlò níhà méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń dìbò fún MP, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ẹ bi MP yín léèrè iye tí ìlú ọba máa fi bá wa kọ́ ọmọ. Bí mínísítà tàbí gómìnà bá wá ṣèpàdé pẹ̀lú wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi í léèrè iye nọ́ọ̀sì tó kù ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ àti bó ṣe ń sanwó wọn. Ẹni tó bá sì ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún àbúrò nílé, ẹ sọ òótọ́ fún un: iṣẹ́ náà dáa, ẹ̀kọ́ náà kò ní ṣòfò, ṣùgbọ́n kó má fi físà nìkan ṣe ìrètí.