Kí ẹ tó ta àbàtà, ẹ dúró de òjò

  Ọ̀rọ̀ àbàtà ni mo gbé wá lónìí.

Ìgbà wo ni ẹni tó fẹ́ ra àbàtà máa ń wá? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní oṣù kejì, koríko ti gbẹ, zémidjan ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń rà á á ní ilẹ̀ dáadáa ni. Ẹni tó ń tà á á ní kò kúkú sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù kẹfà dé ná. Omi á padà wá sílé rẹ̀, ilé tí a kọ́ síbẹ̀ á wá di àlejò.

Àbàtà tó gbẹ kò kú o. Ẹ wo ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí níhà Issaba. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ilẹ̀ náà á sán, á la ẹnu. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, amọ̀ á wú, ẹnu ilẹ̀ á pa dé, omi á dúró sórí rẹ̀. Àwọn àgbà tó rin ọ̀nà Pobè sí Kétou kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i kò ní gbàgbé ẹrẹ̀ ibẹ̀.

Kí ni àǹfààní omi tó dúró yìí? Ẹ mú àtẹ méjì. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sórí ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀ lásán. Ẹ dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ẹ bu omi ife kọ̀ọ̀kan lé wọn. Ti àtẹ lásán á ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti aṣọ á máa kán díẹ̀díẹ̀. Àbàtà ni aṣọ yẹn. Bí a bá fi yẹ̀pẹ̀ dí i, omi òjò á já lu ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹja ńkọ́? Bí omi bá kún, ẹja àrọ̀ máa ń wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin. Ní àfonífojì odò Ouémé, níwọ̀ oòrùn wa, àwọn èèyàn gbẹ́ kòtò sílẹ̀ fún un: bí omi bá fà, ẹja á kù sínú kòtò, wọn á kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi kò bá kún mọ́, kí ni kòtò fẹ́ mú? Ìyá tó ń ta ẹja ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, “Ẹ̀fọn ńkọ́?” Òótọ́ ni, ẹ̀fọn wà ní àbàtà, ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi kékeré tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ bíríkì. Nínú àbàtà tó wà ní àlàáfíà, ẹja máa ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Láàárín 1970 sí 2015, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ olómi ayé ló pòórá. Ní ọdún 2000, orílẹ̀-èdè wa fi ìsàlẹ̀ àfonífojì Ouémé sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1971 láti dáàbò bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbàtà kékeré ẹ̀yìn abúlé yín lè má sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀yin ni ìwé rẹ̀.

Kí la ó ṣe? Ẹ dáko àkùrọ̀ yín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi àárín sílẹ̀ fún omi. Ẹ má fọ agolo oògùn apakoríko níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń la ọ̀nà gba ibẹ̀, ẹ bá mairie sọ ọ́ kí wọ́n fi ojú omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́: àbàtà mélòó ló wà ní abúlé yín nígbà èwe àwọn àgbà? Mélòó ló kù? Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú owó wá lóṣù kejì, ẹ ní kó padà wá wò ó lóṣù kẹfà. Omi kò lọ́tàá. Ó dìgbà o.