Àpótí Ìkọ̀wé inú Kọ̀ǹpútà àti Orúkọ Ìkọ̀lé

Widget ni àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tí à ń tẹ̀ lójú síkirínì: bọ́tìnnì, àpótí tí à ń kọ orúkọ sí, àtẹ tí a ti ń mú ìjọba ìbílẹ̀ ẹni. Inú àpò irinṣẹ́ ni wọ́n ti ń rí wọn mú. Ọ̀kan ni GTK, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe. Òmíràn ni Qt, tó jáde ní 1995. Àṣìṣe tó bá wà lára widget kan nínú àpò náà yóò bá gbogbo ètò tó bá lò ó lọ.

Bọ́tìnnì kò ṣòroó dán wò. Ètò kékeré kan yóò ṣe bí ìka ènìyàn, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì wò ó bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Àpótí ìkọ̀wé ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìlú Ìkọ̀lé ṣe àpẹẹrẹ. Lójú wa, lẹ́tà 5 ni. Ìlànà Unicode, tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ọ àti kan fún é, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ̀. Ọ ni yóò kọ́kọ́ wá, àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e. Ìkọ̀lé wá di nọ́ńbà 6. Bí wọ́n bá tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà, ó di 9, síbẹ̀ bákan náà ló rí lójú.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àpótí tó ní òun kò gbà ju 5 lọ yóò gé orúkọ ìlú náà sí Ìkọ̀l, tàbí sí Ìkọ lásán. Ẹni tó bá fi ọ̀nà kan wá a kò ní rí èyí tí wọ́n fi ọ̀nà kejì kọ, àfi bí ètò bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan. Bọ́tìnnì ìparẹ́ náà lè pa àmì ohùn nìkan rẹ́, kó fi ọ sílẹ̀. Bí àpótí bá sì kúrú, àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ yóò gé dànù.

Ẹni tó fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán àpótí wò kò lè rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ìkọ̀lé ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà, kóòdù GTK sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi orúkọ ìlú wọn sínú ìdánwò, kí wọ́n sì fi àbùkù tí wọ́n bá rí ránṣẹ́.