Ibi Tí Igbó Gbé Já

Ẹni tí ó bá gba etí òkun láti Èkó lọ sí Accra yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí ó ya ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu. Bí ó ti ń lọ ni ilẹ̀ igbó ń dín kù. Nígbà tí yóò bá fi dé Lómé, ọ̀dàn ni ó kù, koríko àti igi kéékèèké, bẹ́ẹ̀ ni títí dé Accra. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún tẹ̀ síwájú sí ìwọ̀ oòrùn Ghana, igbó ńlá tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò já rí. Àwọn onímọ̀ a máa pe ibẹ̀ ní Àlàfo Dahomey, orúkọ tí orílẹ̀-èdè Benin ń jẹ́ títí di ọdún 1975.

Òjò ni ọ̀ràn náà. Ní Èkó, òjò ọdún kan ju 1,500 mìlímítà lọ. Ní Axim ó ju 1,800. Ṣùgbọ́n ní Accra tí ó wà láàrin wọn, kò tó 900. Bí etí òkun ti tẹ̀ níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò bọ̀ kọlu ilẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà kọjá. Omi òkun ibẹ̀ a sì tún máa tutù láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, èyí kì í jẹ́ kí òjò ṣú dáadáa.

Ẹ má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún a máa tọ́jú lẹ́búlẹ́bú òdòdó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tí a yẹ ẹrẹ̀ Adágún Sélé ní gúúsù Benin wò, a rí i pé igbó ni ó bo ilẹ̀ náà láti nǹkan bí 8,400 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà ni òjò fà sẹ́yìn, igbó sì já lójijì. Òjò ni wọ́n dá lẹ́bi, kì í ṣe àdá àgbẹ̀. Igbó gbìyànjú àtipadà nígbà tí òjò tún dára, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn ó tún fà sẹ́yìn.

Báwo ni ọ̀dá ṣe ń pa igi? Omi inú igi dàbí okùn tí ewé ń fà láti gbòǹgbò sókè. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí oòrùn kò sì dẹwọ́, okùn náà a já. Afẹ́fẹ́ a wọ ojú ọ̀nà omi, omi kò sì ní lè kọjá mọ́. Ní Caxiuanã ní ilẹ̀ Brazil, láti ọdún 2002, wọ́n ta ọ̀rá sábẹ́ igi nínú igbó hẹ́kítà kan kí ó lè máa gba nǹkan bí ìdajì òjò dànù. Ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, igbó fara dà á. Lẹ́yìn náà ni àwọn igi ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí kú, tí àwọn kéékèèké sì ń wà láàyè.

Àwọn igi kan gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrókò, arère, àfàrà àti àràbà a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi má baà tán lára wọn. Ní Ghana, níbi tí òjò ti dín kù láti àwọn ọdún 1970, wọ́n ka igi inú igbó fún nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2012: irú àwọn igi tí ń wọ́wé ń pọ̀ sí i, àwọn tí kò lè ṣe aláìní omi ń dín kù. Ìwọ̀n igi inú igbó náà kò tilẹ̀ dín. Ṣe ni ó pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè wò ó yóò sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan àwa tí a ń gbé ní etí igbó. Àwọn kan a máa sọ pé igbó tí a gé yóò tún hù. Ní ibi tí òjò pọ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní bèbè ọ̀dàn, òjò tí ó tó láti gbé igbó àgbà ró lè má tó láti tún òmíràn hù: bí òjìji igi bá ti kúrò, koríko a wọlé, iná ọdọọdún a sì tẹ̀ lé e, yóò máa jó àwọn ọ̀dọ́ igi kí wọ́n tó ga. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yòówù tí ó bá wà lórí àlééfà, igbó ọba tí ó wà ní bèbè ọ̀dàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, kí ó tó kan àwọn ti ìsàlẹ̀ níbi tí òjò kò ti wọ́n. Igbó Lama ṣì dúró láàrin Àlàfo náà gan-an, ní àríwá Kútọnu, lórí amọ̀ dúdú tí ń gba omi dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó ní irú amọ̀ bẹ́ẹ̀.