Ṣé O Mọ̀? Fáìlì Ìjọba Kì í Ṣe Ogún Bàbá Ẹnìkan

Ṣé o mọ̀ pé Èkìtì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ òfin òmìnira ìròyìn, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba, di tirẹ̀? Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Kò pé oṣù méjì tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fi fọwọ́ sí ti Èkìtì.

Ṣé o mọ̀ pé òfin àpapọ̀ yìí kò ní kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ìwé ìjọba ṣe kí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó fún ọ? Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá fi dù ọ́ láìtọ́, ìtanràn ₦500,000 ni. Òǹtẹ̀ àṣírí tí wọ́n lù mọ́ ara fáìlì nìkan kò tó láti fi lé ọ padà. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kí wọ́n sì tọ́ka sí apá òfin náà tó fàyè gbà á.

Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ńkọ́? Kó fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀. (Ó wù mí kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan láti Ìwòròkó bá wọ ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì pé, “Ọmọ mi, mú bírò.”)

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin àpapọ̀ náà kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó.

Fífi ìwé ìjọba pamọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé bí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń palẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n ń dáná sun fáìlì? Àṣẹ wà pé kí wọ́n fọ́ eérú náà túútúú. Èyí tí wọn kò sun, kí wọ́n dì í sínú àpótí tó wúwo, kí wọ́n rì í sínú omi jíjìn. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ pamọ́ sí Hanslope Park, ọgbà ìjọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ àwọn àgbàlagbà Mau Mau, àwọn tó dìde sí ìjọba òyìnbó ní Kẹ́ńyà, ló tú àṣírí náà síta ní 2011: fáìlì ilẹ̀ 37! Lónìí, ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn, òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ kí ó má baà tẹ ẹni tó bèèrè lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 1, ó kéré tán.

Ìwé àtijọ́ ti àwa ará Èkìtì ńkọ́? Láti 1913 ni Adó ti jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Èkìtì lábẹ́ àwọn òyìnbó. Ìwé àwọn Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lórí ìjà oyè, ààlà ilẹ̀ àti owó orí wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tí onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike dá sílẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọmọ Adó tó bá fẹ́ ka ohun tí Ajẹ́lẹ̀ kọ nípa ìlú rẹ̀, kó lọ wọkọ̀ Ìbàdàn.