Iyọ̀ ló ń pín odò: níbo gan-an ni ẹja omi dídùn wà ní Etíkan?

 

Lóṣù kẹta, mo bá bàbá kan wọ ọkọ̀ ní Etíkan, lápá ibi tí ilẹ̀ Ìlàjẹ ti ń parí lọ sọ́nà Ògùn àti Èkó. Mo mú ẹ̀rọ kékeré kan dání, irú èyí tí à ń tì bọ omi kó lè sọ bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bàbá ò ní ẹ̀rọ kankan. Ó ki ọwọ́ bọ odò, ó lá ìka, ó tutọ́, ó ní, "Ó ṣì wà níbí," ló bá tún ń wa ọkọ̀ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti tán." Mo ti ẹ̀rọ tèmi bọ omi. Ahọ́n bàbá ò parọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àkúrẹ́ máa ń bi mí pé níbo làwọn ti lè pa àrọ̀ gidi lọ́dọ̀ wa. Wọ́n rò pé màá dárúkọ odò kan. Oṣù tí wọ́n fẹ́ lọ ni mo máa ń béèrè, torí pé ní Etíkan, ibi ẹja kì í dúró sójú kan. Ibi tí iyọ̀ bá parí sí ni àrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ náà sì ń rìn.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Òkun wà ní gúúsù, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dá a dúró. Lẹ́yìn ilẹ̀ yẹn ni odò tóóró-tóóró, ọ̀sà àti irà wà, títí dé ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń bọ̀ láti òkè, irú Odò Olúwa àti Odò Ọ̀ni, ló ń bọ́ sínú omi etíkun wọ̀nyí. Ọ̀nà omi sì tún wà tó já sí ọ̀sà Lẹ́kí lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀sà Lẹ́kí yìí yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀: ó sún mọ́ òkun gan-an, síbẹ̀ omi dídùn, ìyẹn omi tí kò níyọ̀, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí ni pé kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun. Kí omi rẹ̀ tó kan òkun, ó gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀sà Èkó kọjá, kó tó jáde níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ Èkó. Òkun lè wà lẹ́yìnkùlé yín kí ilẹ̀kùn rẹ̀ jìnnà.

Òjò etíkun wa máa ń ju mílímítà 2,000 lọ lọ́dún. Nígbà òjò, omi òkè á rọ́ wá, á ti iyọ̀ padà sẹ́yìn, ibi tí àrọ̀ lè gbé á sì fẹ̀ sí i. Tó bá wá di oṣù kejì àti ìkẹta, omi òkè ti fà, òkun tó ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á rí àyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń tọ́ omi wò lóṣù kẹta. Lóṣù keje, kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ahọ́n ò lè mọ̀. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú, ìyẹn ló jẹ́ kó wúwo ju omi òjò lọ. Ẹ dán an wò nílé: ẹ po iyọ̀ dáadáa sínú zobo tí kò ní ṣúgà, kí ẹ rọra dà á gba ẹ̀gbẹ́ ife tí omi lásán wà nínú rẹ̀. Pupa yẹn á lọ sùn sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi òkun ṣe ń yọ́ wọ inú odò lábẹ́ omi dídùn, bí ẹni ń yọ́ gba abẹ́ ẹní. Lókè, odò dùn. Nísàlẹ̀, òkun ni. Ìgèrè kì í sì í léfòó, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí.

Nígbà tí mo rántí èyí, mo ní kí bàbá dúró. Mo so ẹ̀rọ mọ́ wáyà rẹ̀ tó gùn, mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi kan ẹrẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ó pọ̀. Bàbá wo ojú ẹ̀rọ náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn." Láti oṣù kejì ni ìgèrè rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti ń ṣófo. Ó ti fura sí olè.

Kí ló wá burú nínú iyọ̀? Ẹ rántí ìgbín. Tí ẹ bá wọ́n iyọ̀ sí i lára, omi ara rẹ̀ á máa jáde. Iyọ̀ máa ń fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Iyọ̀ inú ara àrọ̀ pọ̀ ju ti odò dídùn lọ, nítorí náà omi ń wọ ara rẹ̀ láìdúró. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, àmọ́ ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń fi ohun pupa tó wà lábẹ́ etí rẹ̀ gba ìwọ̀nba iyọ̀ díẹ̀ padà látinú omi. Ẹja òkun ń ṣe òdìkejì: ó ń mu omi gan-an, ó sì ń ti iyọ̀ jáde. Ẹ gbé àrọ̀ sínú omi òkun, ó di ìgbín tí a wọ́n iyọ̀ sí. Ó lè fara da díẹ̀, àmọ́ tó bá ti pọ̀, ó di kó kó ẹrù rẹ̀.

Inú irà ni kí ẹ ti máa wá a, lábẹ́ ojúoró àti òṣíbàtà, níbi tí omi dúdú tí kò sì sáré. Ẹja mìíràn ò ní rí afẹ́fẹ́ tó níbẹ̀, àmọ́ àrọ̀ ní ohun kan lókè etí rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde bíi tiwa. Ọbọ̀kún fẹ́ ojú odò tó jìn, iyọ̀ díẹ̀ ò sì lé e. Epìyà ò ṣe é sọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí oríṣiríṣi ni. Èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tí a ń pè ní Sarotherodon melanotheron, kò bẹ̀rù iyọ̀ rárá. Ní Sine-Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó ń gbé inú omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti òkun lọ! Bàbá ẹja ló sì ń fi ẹnu gbé ẹyin kiri. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́?)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni edé ńlá odò, Macrobrachium vollenhovenii. Inú omi dídùn ló ń gbé, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ò lè dàgbà láìsí iyọ̀ díẹ̀. Ìyá á sọ̀ kalẹ̀ wá pamọ, ọmọ á tún gòkè padà. Tí ẹnìkan bá ní kí a dí òkun pa pátá, òun àti edé ló máa jọ rojọ́.

Àní ewéko odò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, water hyacinth, tó wọ omi wa ní àárín àwọn ọdún 1980, iyọ̀ ló ń bá wa lé e. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ nígbà òjò, tí iyọ̀ bá sì dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á rọ. Bí iyọ̀ bá ń lọ tó sì ń bọ̀, apẹja mọ bó ṣe máa bá a ṣe.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti iyọ̀ tó wọlé tí kò jáde mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Àwòyè. Láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Òkun gba ọ̀nà náà wọlé, igbó irà omi dídùn kú dúró, omi mímu bàjẹ́, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ lọ. Kò sí òjò tó tì í padà, torí pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi máa ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà tó yá wọ òkun. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí iyọ̀ máa dúró sí.

Nígbà tí a ń padà, bàbá ní kí n fi wáyà náà sílẹ̀ fún òun. Ti yàrá ìwádìí ni, kì í ṣe tèmi. A bá so òkúta mọ́ ìdí ìgò kékeré kan, a gé sílípáàsì tó ti já fi dí ẹnu rẹ̀, a so okùn kan mọ́ ọrùn ìgò, a so òmíràn mọ́ sílípáàsì. Bàbá sọ ọ́ kalẹ̀, ó kan ẹrẹ̀, ó já okùn kejì, omi wọ inú ìgò. Ó fà á sókè, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Ó tutọ́, ó yọ ìgèrè rẹ̀, ó sì kọrí ọkọ̀ sápá òkè.