Ìdí tí abo màlúù tó bá akọ pín inú fi ń yàgàn

Bí màlúù bá bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ẹni tí kò mọ̀ ni yóò máa yọ̀ pé èrè òun ti di méjì. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn á kọ́kọ́ gbé ìrù abo náà sókè, á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó mọ̀ pé bí irú wọn bá jẹ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, mẹ́sàn-án kò ní bímọ láéláé. Màlúù tí kò bímọ kò sì ní wàrà. Freemartin ni àwọn Òyìnbó ń pe irú abo bẹ́ẹ̀.

John Hunter, oníṣẹ́ abẹ ní London, la inú wọn wò, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́dún 1779: ẹ̀yà ìbímọ wọn kò jọ ti akọ délẹ̀, kò sì jọ ti abo délẹ̀. Kò rí ohun tó fà á. Ó di 1916 kí Frank Lillie ti Yunifásítì Chicago tó tú u. Odò ẹran ìlú náà ló ti ń gba ilé ọmọ àwọn màlúù tí wọ́n pa pẹ̀lú oyún ìbejì. Ó rí i pé ibi ọmọ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti so kọ́ra, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan fi ń ṣàn lọ sára èkejì.

Oyún kì í tíì ju nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 40 lọ tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Kórópọ̀n akọ sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ju ilé ẹyin abo lọ. Ó ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, AMH, ló ń pa ohun tí ì bá di ilé ọmọ run nínú ara akọ, torí akọ kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ti dàpọ̀ á gbé e dé ara abo náà. Ilé ọmọ rẹ̀ á rọ, ilé ẹyin rẹ̀ kò ní dàgbà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Dókítà ẹran á rọra ti ọ̀pá tín-ínrín kan, tó mọ́, tí a fi òróró pa, sójú ara ọmọ màlúù náà. Lára abo tó pé, ọ̀pá á wọlé jìnnà. Lára freemartin, kò ní rìn jìnnà kó tó dúró gbọnin. Wọ́n tún lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá kírómósómù Y. Bó bá wà níbẹ̀, ti akọ tí wọ́n jọ wáyé ni.

Ẹ̀jẹ̀ àlejò yìí ni Ray Owen ti Yunifásítì Wisconsin tẹ̀lé. Ó fi hàn ní 1945 pé irú ìbejì màlúù bẹ́ẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì dàgbà, tara wọn kò sì bá a jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Peter Medawar àti Rupert Billingham bó awọ lára màlúù kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkejì rẹ̀ lára. Wọ́n rò pé awọ akọ kò ní mú lára abo. Ó mú. Wọ́n dá irú rẹ̀ ṣe lára eku ní 1953, Medawar sì bá Frank Burnet ará Ọsirélíà pín ẹ̀bùn Nobel ní 1960. Iṣẹ́ yìí wà lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ tí wọ́n fi ń gbé kíndìnrín ẹnì kan fún ẹlòmíràn lónìí.

Ṣé kí obìnrin tó bá ọkùnrin wáyé ní ìbejì máa wá bẹ̀rù? Rárá. Ibi ọmọ tiwa lè fara kanra, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà so kọ́ra. Ẹ bi wọ́n ní Ìgbó-Ọrà, ìlú tí ìbejì pọ̀ sí: Táyé tó bá Kẹ́hìndé ọkùnrin wá ń bímọ bẹẹrẹ.

Ti màlúù ló yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ́ ara abo náà láti gba awọ ìkejì rẹ̀ náà ló gba ilé ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Kí ọlọ́sìn tètè mọ̀ ni, kó máa bọ́ ọ fún ẹran, kó má baà fi ọdún méjì gbáko retí ọmọ.